Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ohun Tí Ojú Kọ̀ǹpútà Tú Síta?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn láàrin wa láti ìgbà tí a ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn owó oṣù tuntun. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ẹnu géètì, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ dé ìdí ẹ̀rọ ní àkókò iṣẹ́ òru, pé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni pé 40 nínú 100 ni ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ ní kí a lọ bèèrè, 25 ni a mú bọ̀, àti pé láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ti gbà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá jẹun lábẹ́ tábìlì kò lè yára gbà tó bẹ́ẹ̀.

A kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tilẹ̀ burú ju àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé ẹni tí ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí nǹkan mú lọ sílé. Àwa fi ọwọ́ ara wa tú àpò wa han ẹni tí à ń bá dúnàá dúrà, a kò sì rí nǹkan kan gbà sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra nítorí ìtìjú. Ẹ̀bi wa nìyẹn, a sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí àwọn aláṣẹ ti lẹ ìwé mọ́ ògiri lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ìwé tí ó sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀daràn, a kò lè dákẹ́ mọ́.

Gbogbo yín ni ẹ rántí ìgbà àrùn Kòrónà, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 30 Oṣù Kẹta 2020. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá wa ní olú ilé-iṣẹ́ sọ ìpàdé di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. A gbà, nítorí ẹ̀mí. Gbogbo ayé ni ó gbà á. Ilé-iṣẹ́ Zoom fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tí ń wọ ìpàdé rẹ̀ lójúmọ́ kò ju bíi mílíọ̀nù 10 lọ ní òpin 2019, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di Oṣù Kẹta 2020, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 200. Àrùn lọ, ìpàdé ojúkojú kò padà wá. Ó ti dùn mọ́ àwọn aláṣẹ. Wọn kò san owó mọ́tò fún aṣojú mọ́, wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní oúnjẹ mọ́, wọn kò sì ní láti jókòó kí wọ́n máa wo ojú wa nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kò sí owó. Dátà tí a fi ń wọ ìpàdé, àpò wa ni ó ti ń jáde. Fóònù, tiwa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀, tiwa.

Lọ́jọ́ ìdúnàádúrà yẹn, àwa márùn-ún ni a jókòó yí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ká nínú yàrá ẹgbẹ́. Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ọmọ akọ̀wé wa tí ó wà ní polí ni ó ni ín, a yá a ni. Ọwọ́ àwa tí à ń kọ ìwé yìí ni ó wà lórí rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní ojú wa ni ó là jù nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, àwa tí ó jẹ́ pé ìwé mẹ́fà àti ilé-ìwé alẹ́ ni a kà. Wọ́n ní kí a fi ìwé ìbéèrè wa han ìpàdé. A tẹ ibi tí wọ́n kọ share sí. Àwọn àwòrán kéékèèké jáde: èyí tí ó wà níwájú pátápátá dúró fún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, àwọn tí ó tẹ̀ lé e dúró fún fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní ṣíṣí. Èyí tí ó wà níwájú ni a mú. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá èyí tí ó wà lẹ́yìn nígbà tí àwọn ọ̀gá ń dúró deni? Ìwé ìbéèrè yọ, a kà á, a ṣàlàyé, ó dára. Nígbà tí a wá pa ìwé náà dé, èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yọjú. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ti alẹ́ àná ni. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà: a ó bèèrè 40, bí wọ́n bá le, kí a gba 30, a kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá 25.

Àwa kò tilẹ̀ mọ̀. A ti bọ́ jígí ojú wa sílẹ̀, a ń bá alága sọ̀rọ̀. Fóònù alága ni ó dún. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó ń wo ìpàdé láti ilé ni, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á! Wọ́n ń rí i! Ẹ pa á!" Kí a tó rí ibi tí a ó tẹ̀, ó ti tó ìṣẹ́jú kan.

Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó wúkọ́. Ọ̀gá tí ó ṣáájú wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kí a sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí wọ́n padà dé, 25 ni wọ́n gbé kalẹ̀, kò lé, kò dín, wọn kò sì mì kúrò lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Oníbàárà ti rí iye tí a ó tà á gbẹ̀yìn. Kí ni a tún fẹ́ ná?

Bí ọ̀rọ̀ 25 ṣe jẹ́ nìyẹn. Ó di ọdún méjì kí àdéhùn náà tó parí, a kò sì lè tàn yín pé ọ̀nà wà láti fà á ya.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó mú wa gbé kálàmù. Ìwé tí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, òṣìṣẹ́ tí ohun tí kò yẹ bá hàn lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù rẹ̀ nígbà ìpàdé yóò gba kúẹ́rì, bí ó bá sì di ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ láìsan owó fún un. Wọ́n ní àìfọkànsíṣẹ́ ni.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀ tó lẹ ìwé náà. Ó ń fi àkọsílẹ̀ ọjà oṣù náà han ìpàdé láti orí fóònù ara rẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fún ẹ̀ka wọn ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó tún un ṣe. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ já wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, pé bí kò bá san gbèsè rẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, àwọn yóò kéde rẹ̀ ní olè fún gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù náà. Àwọn tí ó wà nínú ìpàdé lé ní ogójì. Àwọn ayánilówó kò tilẹ̀ ní láti kéde mọ́. Obìnrin náà lọ sọkún nínú ilé ìtọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní kúẹ́rì pé ó ba ẹ̀ka rẹ̀ lójú jẹ́. Owó oṣù tí kò tó ná ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ayánilówó, fóònù tirẹ̀ ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ wọn, dátà tirẹ̀ ni ó ń jó, òun náà ni ó sì gba kúẹ́rì.

Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú èyí, ọ̀gá kan ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìsinmi ọdọọdún fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí fáìlì tí kì í ṣe èyí tí ó fẹ́ ṣí. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń san owó ilé ìwòsàn wọn ni ó wà níbẹ̀, àti àìsàn tí ó ń ṣe oníkálukú. Ọkùnrin kan nínú wa rí orúkọ ara rẹ̀ àti àìsàn tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọgọ́ta ènìyàn ni ó rí i pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀bẹ̀ kúrò ní iṣẹ́ àárọ̀ lọ sí iṣẹ́ òru, kí ojú má baà máa ko ojú. Ta ni ó gba kúẹ́rì? Wọ́n ní ẹ̀rọ ni ó ṣe àṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀gá, ẹ̀rọ ni ó ṣàṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́, ìwà rẹ̀ ni kò dára.

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 12 Oṣù Kẹfà 2023 wá là á yéké pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá kó ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn jọ, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù ìpamọ́ rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ àìlera sì wà lára èyí tí òfin náà ní kí a ṣọ́ jù lọ. Bí irú rẹ̀ bá tú síta tí ó sì lè ṣe ẹni náà ní ibi, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tí ó ń mójú tó òfin náà létí láàrin wákàtí 72. Bí ewu náà bá sì pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. A bi wọ́n bóyá wọ́n kọ ìwé sí àjọ náà. Wọ́n ní kí a má jí ọ̀rọ̀ tí ó ti sùn.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ń sọ pé àìmọ̀wé ni ó ń fa irú nǹkan wọ̀nyí. Ṣé àìmọ̀wé ni ti Boris Johnson? Ní 31 Oṣù Kẹta 2020, nígbà tí ó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé àwòrán ìpàdé àwọn mínísítà rẹ̀ lórí Zoom sórí Twitter, nọ́ńbà ìpàdé náà sì hàn kedere nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n gbé àwòrán Ank Bijleveld, mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Netherlands, sórí Twitter bákan náà, níbi tí ó ti ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn mínísítà ètò ààbò Yúróòpù. Márùn-ún nínú nọ́ńbà mẹ́fà tí a fi ń ṣílẹ̀kùn ìpàdé náà wà nínú àwòrán. Oníròyìn kan, Daniël Verlaan, wá ẹyọ kan tí ó kù, ó sì bọ́ sáàrin wọn, ó ń juwọ́ sí wọn. Josep Borrell tí ó ń darí ìpàdé bi í bóyá ó mọ̀ pé ìpàdé àṣírí ni ó já wọ̀. Òótọ́ ni pé àwòrán ni ti àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe share, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. A kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fún Johnson ní kúẹ́rì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò yé jù. Òfin Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ní kí oní-ilé-iṣẹ́ fi irin bo apá ẹ̀rọ tí ó léwu, kí ó má baà gé ènìyàn lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí bá gé ọmọ iṣẹ́ ní ìka, a kì í kọ́kọ́ bi ọmọ iṣẹ́ pé kí ló dé tí ó ní ìka. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tí kò bò ó ni a ń bi. Fóònù tí a fi ń bá ìyàwó, ọkọ, ọmọ, ayánilówó àti pásítọ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún ní kí a fi han ogójì ènìyàn, ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí ni. Ìbòrí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí a fi ṣe iṣẹ́ nìkan, àti ẹni tí yóò kọ́ni bí a ti ń lò ó. Àwọn aláṣẹ ní nǹkan tí a lè kọ́ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kí ló dé tí wọn kò tíì yọ̀ǹda ìṣẹ́jú márùn-ún náà láti 2020 wá?

Ṣùgbọ́n a kò ní jókòó títí wọn yóò fi ṣe é. Àwọn àgbà tí ó ṣíwájú wa nínú ẹgbẹ́ yìí kì í gbé ìwé ìkọ̀kọ̀ wọ yàrá ìdúnàádúrà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá rí nìkan ni wọ́n ń mú dání, èyí tí ó kù wà nínú orí wọn. Wọ́n ní ògiri létí. Ògiri ti òde òní ti lójú. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí kí tiyín má baà rí i.

Bí ẹ bá tẹ share, ẹ má mú gbogbo ojú kọ̀ǹpútà láé. Fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí ni kí ẹ mú. Zoom ní in, Microsoft Teams ní in, Google Meet tún gbà kí a mú ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan péré. Bí ẹ bá ti mú fáìlì kan, bí ìwé ìkọ̀kọ̀ mẹ́wàá wà lábẹ́ rẹ̀, wọn kò ní rí i. Èyí nìkan ni ì bá gbà wá lọ́jọ́ yẹn. Lórí Zoom, ìlà aláwọ̀ ewé máa ń yí ohun tí wọ́n ń rí ká. Ti Teams pupa ni. Ibi tí ìlà náà bá yí ká, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ìpàdé wà, kí ẹ ṣọ́ ọ. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti pa á. Bọ́tìnì pupa ni lórí Zoom. Àwa tí a wá a fún ìṣẹ́jú kan mọ ohun tí à ń sọ. Ó sì sàn kí ẹ pa gbogbo fáìlì tí kò kan ìpàdé dé pátápátá, kí ẹ jáde kúrò nínú WhatsApp tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà.

Fóònù ni ó le jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí a bá ṣe share, gbogbo ohun tí ó bá bọ́ sójú rẹ̀ ni yóò hàn, títí kan orúkọ ẹni tí ó ń pè wá. Ẹ má fi ojú fóònù hàn bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Zoom orí fóònù gbà kí a mú àwòrán kan tàbí ìwé kan nìkan fi hàn. Bí ìyẹn bá le, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó pe ìpàdé, kí ó fi hàn lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹni tí ó pe ìpàdé, òun ni ẹrù rẹ̀ tọ́ sí. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, ẹ tan ohun tí wọ́n ń pè ní Do Not Disturb kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ pa fífi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn, kí ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ má ṣí báńkì, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan nígbà tí ojú ẹ̀rọ yín bá wà níwájú ènìyàn.

Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ tiwa, láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ó pe ìpàdé nìkan ni yóò lágbára láti fi nǹkan hàn, yóò sì tì í kí a tó wọlé. Orúkọ àwọn tí ó jẹ owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà náà rárá. Bí wọ́n bá sì ń gba ìpàdé sílẹ̀, ohun tí ó yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá kan ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ẹ bèèrè pé kí wọ́n pa á rẹ́.

Ó ku ẹyọ kan, kò sì dùn láti sọ. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ obìnrin yẹn yọjú, àwọn kan nínú wa ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹ̀ka kí ìpàdé tó parí. Kì í ṣe ọ̀gá ni ó ṣe ìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ ni. A mọ̀ yín, a kò sì ní dárúkọ yín nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí a ó gbé síwájú àwọn aláṣẹ nìyí. Kí wọ́n yọ ìwé náà kúrò lára ògiri, kí wọ́n sì yọ kúẹ́rì náà kúrò nínú fáìlì ìyá yìí. Kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ìṣirò owó ṣe, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, kí wọ́n sì san owó dátà. Kí ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ wáyé ní àkókò iṣẹ́, kì í ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Kí wọ́n kọ ìwé ìtọrọ-àforíjì sí ọkùnrin tí wọ́n tú àṣírí àìsàn rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ sí àjọ ìdáàbòbò dátà hàn wá; bí wọn kò bá kọ ọ́, àwa yóò kọ ọ́. Ní ti owó oṣù, ojúkojú ni a ó ti dúnàá dúrà rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, àwọn ni yóò sì san owó mọ́tò.

Ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ yóò wáyé ní Ọjọ́rú tí ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kì í ṣe lórí Zoom. Àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ ti alẹ́ ọjọ́ yẹn yóò wà lórí tábìlì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Àwọn aláṣẹ sáà ti kà á ṣáájú yín. Àwa tí ọwọ́ wa wà lórí kọ̀ǹpútà náà yóò wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí a fi ipò sílẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.